Géèjì

Kí oòrùn tó kan páànù ilé wa ní Ìpẹru,
kí ẹnikẹ́ni tó bọ́jú,
màmá mi á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Píjò
lábẹ́ igi obì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.
"Ọkọ̀ tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í sọ òótọ́."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Bí wọ́n ṣe ń yọ tẹmọ́mítà lábíyá ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná
ni wọ́n ṣe ń yọ géèjì ọ́ìlì:
wọ́n á nù ún, wọ́n á tì í padà,
wọ́n á dúró díẹ̀,
wọ́n á tún fà á yọ,
wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.
Àkísà tí wọ́n fi ń nù ún,
ṣòkòtò ilé-ìwé mi àtijọ́ ni,
bọ́tìnnì kan ṣì wà lára rẹ̀.

Àmì méjì ló wà lẹ́nu irin náà.
"Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá tòkè, àjẹjù ń pa ẹ́ńjìnnì.
Má jẹ̀ẹ́ kó sọ̀ dé tìsàlẹ̀."
Ìyókù, ìka ni wọ́n fi kọ́ mi.
Wọ́n á kán an sí àtàǹpàkò, wọ́n á fi ìka ìlábẹ̀ rà á:
tó bá pọ́n bí oyin, kò séwu;
tó bá dúdú, tó ń ha ìka bí iyanrìn,
kí Mùtáìrù dà á nù, kó pààrọ̀ fítà;
tó bá funfun bí ògì,
omi ti wọlé nìyẹn, ẹ má ṣe tan ọkọ̀.

Ìwé pupa kan wà nínú ihò iwájú ọkọ̀.
"Ọjọ́ kejì, oṣù Agẹmọ. Ààbọ̀ lítà. Kò jo."
Bí ìwé aláìsàn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́.
Bàbá ló ń wà á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde,
wọn ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí títí wọ́n fi sùn.

Tòyótà la ń lò báyìí.
Kùrukùru ti bo ojú màmá,
èmi ni mò ń ka géèjì fún wọn.
Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.
"Ó dé ibo, Fọlárìn?"
"Ó dé àárín, Mà."

Ọjọ́ Ajé kan, mo ń kánjú lọ sí ìpàdé ní Èkó.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo pa á dé,
n kò fọwọ́ kan irin.
"Ó dé ibo?"
"Ó kún, Mà."
Wọ́n na ọwọ́. "Gbé àkísà wá."
Wọ́n fọwọ́ wá a láti etí kan dé èkejì,
wọ́n gbóòórùn rẹ̀,
wọ́n dé ibi bọ́tìnnì, wọ́n dúró.
"Ti àná nìkan ló wà níbí.
Afẹ́fẹ́ ló wá nù ún lónìí?"

Mo padà ṣí i.
Géèjì jáde, orí rẹ̀ nìkan ló tutù,
bí ẹni tó fi ètè kan omi lásán.
Àwọn ọmọ mi méjì ti wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń tòògbé.
Mo ro ọ̀nà Ṣágámù, mo ro àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì.
Lítà kan ni mo dà sí i, díẹ̀díẹ̀,
láti inú àrọ tí a gé lára ike omi.
N kò bá ìpàdé.

Màmá ní kí n mú ìwé pupa.
Mo kọ ọjọ́. Mo kọ lítà kan.
"Kọ irọ́ náà sí i."
Mo wò wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́.
Ó wà níbẹ̀ dòní,
lábẹ́ "fítà tuntun", lókè "kò jo".